Ìyá Ìyàwó Kánsẹ́lọ̀ Lábẹ́ Dẹ́kì

Bí ẹ bá ti Ṣakí ń bọ̀, tí ẹ yà sí apá ibi tí ilẹ̀ pupa ti ń kun ẹsẹ̀ ènìyàn bí osùn, ẹ ó bá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Budó-Irúgbá. Kò sí ẹni tí kò mọ Mùyìbátù níbẹ̀. Obìnrin náà kò tóbi, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ìgbálẹ̀ láàárọ̀, àkùkọ á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí ó tó kọ. Òun ni ó ń tọ́jú ilé ìgbẹ̀bí láti ìgbà tí Ìyápọ̀ ọkọ rẹ̀ ti fi oko iṣu sílẹ̀ lọ bá àwọn baba rẹ̀. Òun ní í gbá ilẹ̀, òun ní í se omi gbígbóná, òun ní í di ọwọ́ aláboyún mú nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ṣe tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo ọmọ Budó-Irúgbá kọ́kọ́ ń rí láyé. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ẹkún wọn fi máa ń dún bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí.

Ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́, alámọ̀ ni. Ọ̀wẹ̀ ni ìlú fi kọ́ ọ: ọkùnrin po amọ̀, obìnrin pọn omi, wọ́n sì fi páànù bò ó. Ó gbó, ó dúdú, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí alángbá, ohunkóhun kò já láti òrùlé rẹ̀ rí. Ohun tó ba ọ̀ràn jẹ́ ni pé àwọn ará Abà-Ẹmì, tó wà lódìkejì odò, kọ́ ilé ìpàdé, wọ́n sì da dẹ́kì, òrùlé onísìmẹ́ńtì, lé e lórí. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí ará Budó-Irúgbá sinmi lọ́jà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń sun abẹ́ páànù, ṣé òjò ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín ń sọ?” Ọ̀rọ̀ náà dun ìlú wọ egungun. Ìlú tí kò ní dẹ́kì, abúlé ni, èyí sì jẹ́ ohun tí baba ẹnikẹ́ni ní Budó-Irúgbá kò gbọdọ̀ gbọ́ nínú sàréè.

Nítorí náà, nígbà tí Kàdírì Mákánjúọlá wá bẹ ìbò láti di kánsẹ́lọ̀, wọn kò béèrè oògùn, wọn kò béèrè omi ẹ̀rọ. Dẹ́kì ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Ọkọ Sodiqat ni Kàdírì, Sodiqat sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mùyìbátù bí. Ọkùnrin náà mọ̀ pé owó tí káńsù fọwọ́ sí fún ilé ìgbẹ̀bí tuntun kò lè ju ti páànù lọ. Ṣùgbọ́n olóṣèlú wo ni yóò sọ fún ẹni tó fẹ́ dìbò fún un pé rárá? Ó ní dẹ́kì yóò wà. Wọ́n dìbò, ó wọlé, wọ́n sì wó ilé alámọ̀. Kàdírì gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe agbaṣẹ́ṣe, ọ̀rẹ́ sì ṣe é bí ìyàwó ilé tí àlejò ya wá bá lójijì, tó bu omi sí ọbẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́, sìmẹ́ńtì díẹ̀, yanrìn odò tòun ti ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, àlùfáà ṣàdúrà, Mùyìbátù jó títí gèlè fi bọ́, gbogbo ìlú sì gbójú sókè wo dẹ́kì bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀.

Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn ènìyàn kò sọ. Ìgbálẹ̀ Mùyìbátù ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Láàárọ̀, ó ń gbá ìyẹ̀fun funfun. Nígbà tó ṣe, ó ń gbá ohun tó nípọn bí èèpo iṣu. Lẹ́yìn náà, irin yọjú lókè, pupa fún ìpẹtà, ó tò bí egungun ìhà ajá tí ebi ń pa. Ó sọ fún Kàdírì. Kàdírì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní kí Màmá má ṣèyọnu, ìjọba ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ sọ fún káńsù. Káńsù ní àwọn ń dúró de alága, alága ní òun ń dúró de Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà ń rìnrìn àjò, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Èyí tó tètè dé láti káńsù ni ìkìlọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó bá gbẹ̀bí níbi tí kì í ṣe ilé ìjọba, kí ó máa lọ sílé rẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí ó pariwo ni Mùyìbátù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Bí ènìyàn bá dójú ti àna rẹ̀ ní gbangba, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ó ń ronú Sodiqat, ó ń ronú ẹrù Sodiqat lórí ọ̀kadà, tí wọ́n dá a padà wálé. Ó ń gbálẹ̀ lọ.

Nígbà tó wá kan Sodiqat láti bímọ, Kàdírì gbé e sínú mọ́tò lọ sí Ṣakí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Samsudeen. Mùyìbátù, tó ti gba ọmọ gbogbo ìlú, kò gba ọmọ ọmọ tirẹ̀. Ó fara dà á títí Sodiqat fi dé, ó wá rọra bi í pé kí ló dé. Sodiqat kò gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá mi, bàbá Samsudeen ló ní n ò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ dẹ́kì yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùyìbátù lára bí ẹ̀gún, kò sì jáde mọ́. Ọkùnrin yìí mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìyàwó àwọn ẹlòmíràn máa sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ ọjà kan ni ọ̀rọ̀ di ariwo. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Gbémisọ́lá, ìyàwó Ògúndèjì àgbẹ̀, ń rọbí bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Mùyìbátù sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é. Obìnrin náà kò tíì ré ẹnu ọ̀nà kọjá tí apá kan dẹ́kì fi já. Òkúta kan bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sì ká lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n là ní kùmọ̀. Àwọn kan ní òkúta náà tó orí àgbò, àwọn kan ní ó tó àgbò fúnra rẹ̀, ìwo nìkan ló kù. Eruku bo gbogbo wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, Gbémisọ́lá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń wo ibi tí ìbá ti dùbúlẹ̀ sí.

Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, níbi tó jẹ́ páànù, wọ́n fi ìró ta á yíká. Kí ni wọn ìbá tún ṣe? Ọ̀nà Ṣakí ti di ẹrẹ̀, ìrora náà sì ti ń lé ara wọn bọ̀. Àtinúkẹ́ kò gbọdọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹnì kankan. Àwọn ọlọ́jà ń kọjá lójú títì, atẹ́gùn ń ṣí ìró, Gbémisọ́lá sì ń bu ètè rẹ̀ jẹ kí ọkùnrin má baà gbọ́ igbe òun.

Mùyìbátù wo dẹ́kì, ó wo Gbémisọ́lá. Ó gbé àpótí tí ó fi ń jókòó, ó gbé e sí àárín yàrá, lábẹ́ ibi tí irin ti yọ jù lọ. Ó gbá eruku ibẹ̀ kúrò, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jókòó. Ó wá pe Ràsáàkì ọlọ́kadà láti ibẹ̀, ó ní kí ó lọ bá òun sọ fún àna òun pé òun wà ní ilé ìgbẹ̀bí, kí ó wá kí òun. Àtinúkẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí kí ó jáde. Ó ní òun ń retí àlejò.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù kò bà á. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já lé e ní gèlè, tín-ín, tín-ín, ọkàn rẹ̀ sì ń dáhùn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ka gbogbo súrà tó mọ̀, nígbà tí wọ́n tán, ó tún èyí tó kúrú jù kà.

Kàdírì dé nínú agbádá funfun. Ọjà ti tú wá sẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ibi tí ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nínú ẹrẹ̀, ó ní Màmá, ẹ káàárọ̀.

Mùyìbátù gbọn eruku kúrò ní gèlè. Ó ní, “Ta ló ń kí mi láti ìta?”

“Èmi ni, Màmá. Kàdírì ni.”

“Kì í ṣe àna mi. Àna mi mọ àṣà. Kì í kí mi láti ìta bí ẹni ń kí olóko láti ojú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́, ẹ wọlé.”

Kàdírì dìde. Ó ní kí Màmá jáde wá kí òun lè kí wọn dáadáa. Mùyìbátù ní orúnkún ń dun òun. Kàdírì ní ṣé kí òun rán ọmọ kan kí ó di Màmá mú. Mùyìbátù ní orúnkún òun kò fẹ́ ọmọ, àna ni ó ń béèrè. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń fi ẹ̀rọ̀ sọ, pẹ̀lú “ẹ” àti “yín,” bí ó ti yẹ kí a bá àna sọ̀rọ̀. Láti àárín èrò, Fàtímọ̀ elélùbọ́ dá ohùn sí i. “Kánsẹ́lọ̀, ẹ wọlé o. Ṣebí ẹ̀yin ni ẹ ní dẹ́kì yìí le ju àpáta Ìgbẹ́tì lọ.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kàdírì gun àtẹ̀gùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè wo irin, òógùn bo iwájú rẹ̀. Òkúta kan tí kò tó erèé já lé e ní fìlà, ọkùnrin náà sì fò sẹ́yìn débi pé òun ló kọ́kọ́ balẹ̀, agbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a. Lẹ́yìn ìró tí wọ́n ta, Gbémisọ́lá kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ké.

“Màmá,” ni Kàdírì wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Yóò wó.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Òkúta míràn já, èyí tóbi díẹ̀, ó ba Mùyìbátù léjìká. Kò mira. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń rí ẹrù Sodiqat lórí ọ̀kadà, ó sì jókòó síbẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni Kàdírì wí. “Láti ọjọ́ tí a ti dà á ni mo ti mọ̀. Irin kò tó.”

“Ẹ ní ìjọba ti gbọ́. Ìjọba dà?”

Kàdírì wo àwọn ènìyàn tó yí i ká. Ó ṣí fìlà. “Èmi náà ni, Màmá. Èmi ni mo gba iṣẹ́, èmi ni mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi. N kò rán ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ alága dáadáa, nítorí wọn ì bá bi mí léèrè irin.”

Mùyìbátù mí. Ó ní òun gbọ́, ó sì ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan lọ́dọ̀ àna òun. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ìyá ìyàwó bá fi ẹnu ẹ̀bẹ̀ béèrè lójú ènìyàn, ọkọ ọmọ kò lè fi du ú, àfi bí kò bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fìlà fún òun mọ́ ní Òkè-Ògùn. Kàdírì ní kí Màmá wí.

“Pálọ̀ yín,” ni Mùyìbátù wí. “Kí ẹ sì sọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì gbọ́ pé ilé ìjọba ni, títí ẹ ó fi tún èyí ṣe.”

Kàdírì ronú àga tìmùtìmù rẹ̀, ó ronú rọ́ọ̀gì tí wọ́n kó dé láti Kútọnu. Ó gbé ohùn sókè, ó sọ ọ́ kí Àtinúkẹ́ gbọ́, ìlú náà sì gbọ́. Ìgbà náà ni Mùyìbátù tó dìde lórí àpótí. Nígbà tó bọ́ sí ìta ni orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Kàdírì ni ó sì dì í mú.

Wọ́n gbé Gbémisọ́lá lọ. Sodiqat ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ti ká rọ́ọ̀gì, ó pọn Samsudeen, ó gbé omi kaná, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀ kí ó tó ṣe é. Ládàánì kò tíì pe ìrun ọ̀sán tí obìnrin tuntun kan fi dé ayé láàárín àga kánsẹ́lọ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n sì fi igi gbe dẹ́kì ró. Ìròyìn pálọ̀ dé àwọn abúlé gbogbo. Aláboyún ń wá bí ẹni ń wá síbi ìdána. Kàdírì ń sùn ní yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí, ó sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ó bá dé ọ̀dọ̀ alága, omi tútù ni yóò mu tí yóò sì máa bọ̀, ó wá di ẹni tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà alága láti àárọ̀.

Ní ọ̀sán kan, ó sáré wálé, ó dúró lójú fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, nítorí obìnrin kan ń rọbí níbẹ̀, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ wọlé. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n na bàtà òun tó wà lábẹ́ àga sí òun.

“Níbo lẹ ń lọ, àna mi?”

“Ọ̀dọ̀ alága ni, Màmá. Wọ́n ní kí n wá nítorí ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní kí n tètè dé.”

Mùyìbátù wo abẹ́ àga. Aláboyún ti fi ẹsẹ̀ ti bàtà náà mọ́lẹ̀, ọmọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ní kò ṣeé yọ báyìí, àfi kí ó dúró kí ọmọ dé.

Kàdírì wo oòrùn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú sílípáàsì rọ́bà tí Sodiqat fi ń wẹ̀. Ó ká agbádá sókè, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà Ràsáàkì, ó ní kí ó wà á lọ bẹ́ẹ̀.