Kókó Awò àti Ojú Bàbá Mi

Ara mi kì í gba ìdúró. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ láìjiná. Ẹ wá wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó lọ ra tẹlisíkóòpù, awò gígùn tí a fi ń wo ojú ọ̀run, tó ní òun fẹ́ máa fi fóònù ya òṣùpá.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Adó nígbà náà, àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo sì ń gbé. Iná ṣọ́ọ̀bù àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀run níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé, màá gbé awò mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Ìjan, ilé àwọn òbí mi.

Àwọn ayálégbé ló wà nínú ilé náà báyìí, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: sìmẹ́ńtì tí a ń sá gbàgùdá sí, àga onírin bàbá mi, òórùn igi ìdáná ìyá mi. A ó tètè jẹun, màá to awò sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, màá fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, torí bó bá ṣì gbóná láti inú ọkọ̀, ohun tí a ń wò á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Kókó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò tí a ń yí síwá sẹ́yìn títí àwòrán yóò fi mọ́ gaara. Bí èèyàn bá yí i kọjá díẹ̀, ó bàjẹ́.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́kọ́ wò. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Nílé wa, bí a bá bu ọbẹ̀, tiwọn ni a ń kọ́kọ́ bù. Bí lẹ́tà bá dé, àwọn ló ń já a. "Jẹ́ kí ojú àgbà kọ́kọ́ kàn án," ni wọ́n á wí, wọ́n á tẹ̀ba, wọ́n á yí kókó síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Hẹ̀ẹ́! Uṣẹ́ Olúwa!" Èmi á máa ṣàlàyé àwọn kòtò ojú òṣùpá, wọ́n á máa ní àwọn ti rí i. Nígbà tí wọ́n bá sún sẹ́yìn, màá gbé fóònù lé e, màá yà á.

Bó bá di ọjọ́ Ajé tí mo ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, bàìbàì ló ń rí, bí ohun tí a wò nínú omi ìfọṣọ. Inú mi á ru. Mo bá eruku ọyẹ́ jà. Mo so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta náà kó má baà mì. Mo bú ẹni tó ta awò fún mi, kò kúkú sí nítòsí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé kí n yí kókó padà lẹ́yìn bàbá mi. Ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D yí nǹkan, ó ní ó dáa, kí èmi wá tún yí i níṣojú rẹ̀? Àfojúdi ni.

Jímọ̀ kan, bàbá mi lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé fóònù lé awò, mo mú kòtò kan ṣoṣo, mo ń yí kókó díẹ̀díẹ̀ títí etí kòtò náà fi mú bí abẹ. Igbe tí mo ké ló mú ìyá mi sáré jáde. Mo lẹ pílásítà mọ́ ara kókó, mo fi báírò pupa fa ìlà síbi tó dé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ibi tí bàbá mi ń yí i sí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò jìnnà sí ìlà mi ju ìbú èékánná lọ. Ojú àgbà ni, mo ní. Lóṣù kejì, ó ti di ìbú ìka. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ti tó ààbọ̀ ìyípo. Awò kò yí padà. Ojú tó ń wò ó ló ń yí padà.

Mo bá ìyá mi nílé ìdáná, mo béèrè bí ojú bàbá mi ṣe rí. Wọn kò wo ojú mi.

"Ó ti pẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún wọn ní Sátidé títí wọ́n á fi há a sórí. Bí wọ́n bá dúró níwájú ìjọ, Bíbélì tó wà níwájú wọn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Má ní èmi ni mo sọ fún ọ o."

Bàbá mi ti ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n tó bí mi. Bí ìjọ bá mọ̀ pé ojú wọn ti lọ, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Ohun tí bàbá mi ń bẹ̀rù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìka bàbá mi kan pílásítà náà. "Bàbá, ibi tí ẹ ń yí i dé níjọ́sí rèé. Ibi tí ẹ yí i dé lánàá rèé. Mo fẹ́ gbé awò yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Adó, àmọ́ wọn kì í gba awò láìsí ẹni tó ń lò ó."

Wọ́n fa ìka wọn kúrò lára kókó. "Ìyá rẹ ti tú àṣírí mi."

"Kókó ló tú u, sà."

Dókítà ní nǹkan funfun bí omi ògì ló bo ẹyinjú wọn, ó sì ṣeé yọ. Wọ́n yọ ọ́. Jímọ̀ tí mo tún gbé awò dé, mo yí kókó sí ìlà pupa, mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ta ló dá gbogbo ihò yìí sí òṣùpá lára?" Mo wá mọ̀ pé wọn kò rí kòtò kankan rí, ọmọ wọn ni wọ́n ń yìn kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ojú tì mí, mo sì sunkún. Àwòrán ọjọ́ náà ló mọ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo yà rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n padà sídìí ẹ̀kọ́ kíkà, wọ́n kọ̀ kí ìyá mi kà á fún wọn ṣáájú. Wọ́n ní ojú tuntun ni àwọn fẹ́ fi kà á. Wọ́n ń kà á bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìsìn, bàbá ìjọ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ wa, ẹ tọ́jú bàbá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó dà bíi pé ojú wọn ti ń lọ."

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi nínú ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi délé.