Ìrù Ọ̀rọ̀ Òyìnbó àti Ọwọ́ Òsì Mi

Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó gbọ́ Òyìnbó ní Ìgàndó, iwájú ni kẹ́ ẹ ti wá mi. SS2 ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ìdí mi ò gba bẹ́ńṣì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ mú gírádúéètì kan wá, kẹ́ ẹ wo ẹni tó gbọ́ ọ jù.

Mo ní lesson nígbà yẹn, ní kọ́rídọ̀ iwájú ilé tá à ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni lánlọ́ọ̀dù fún mi níbẹ̀. Bàbá Èkìtì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Mo ní, "Ẹ wò ó, Yorùbá máa ń gbé nǹkan sórí ọ̀rọ̀: ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́. Òyìnbó ńkọ́? Ìdí ló ti ń so ìrù mọ́ ọn. Wide kàn fẹ̀ jókòó ni. So -en mọ́ ọn nídìí, ó di widen, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ń mú títì fẹ̀. Simple ńkọ́?"

"Simplify!"

"Modern?"

"Modernize!"

Lọ́jọ́ kan, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "O gbìyànjú o. Mú ṣọ́ọ̀kì wá, jẹ́ n fún wọn ní ọ̀kan sí i."

Bọ́ọ̀dù mi ò lẹ́sẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń dì í mú kó má wó lu àwọn ọmọ. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí i. Kò gbà á.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà, bọ́ọ̀dù ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ṣé bọ́ọ̀dù ló bí ẹ ni? Èmi lo na ọwọ́ òsì sí, lójú àwọn ọmọ kékeré!"

Ara mi ti gbóná. "Bàbá, ṣọ́ọ̀kì kan náà ṣá ni. Ọwọ́ òsì ò ní kó má kọ̀wé."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí.

Màmá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ò níwà ò lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò pẹ́, ó gbé kọ́rídọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ní NCE.

Ní báyìí, tí mo bá ti ibi tí mo ti ń po sìmẹ́ǹtì fún àwọn bíríkìlà ní àdúgbò Command dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ àwọn ọmọ náà ní kọ́rídọ̀: "Widen! Simplify!" Bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́ ni. Mo sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kí n tó wọlé, torí ilé ẹ̀ náà la ṣì ń gbé. Bọ́ọ̀dù yẹn gan-an, èmi ni mo fi èédú inú bátìrì kùn ún, wọn ò tiẹ̀ dá a pa dà fún mi...

Fọ́máànù wa ti ń pariwo pé sìmẹ́ǹtì ti tán nílẹ̀. Mo ń lọ jàre.