Ìbéèrè Tí Mo Bi Tóyìn Lójú Ìyá Ọkọ Rẹ̀

N kò lè sọ dájúdájú bóyá iná wà lọ́jọ́ náà. Nínú ìrántí mi, fáànù kò yí, ooru sì mú gidigidi; ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi àìsí iná yẹn dá ara mi láre, débi pé n kò mọ̀ mọ́ bóyá mo rí i ni tàbí mo dá a sílẹ̀ fúnra mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé. Mo ṣí ojú ewé ọjọ́ náà wò. Ohun tí mo kọ kò ju ìlà kan lọ: “Aboyún tuntun mẹ́rìnlá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, ọdún kẹta mi níbẹ̀ sì ni nígbà náà. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí aboyún máa ń wá gba káàdì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa yóò rò pé káàdì kíkọ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. A ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, a ó yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọdún mélòó ni obìnrin náà, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ìdílé rẹ̀, ọdún mélòó ló wà láàárín oyún yìí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣé oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ṣé ọmọ ti kú mọ́ ọn nínú rí. Káàdì ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ewu lè wà, bírò pupa la fi ń sàmì sí i. Dókítà ni yóò máa rí irú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àwọn kan nínú wọn yóò sì máa lo oògùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà ru. Àwọn tó kù ń wá ní oṣooṣù.

Màtírọ́nì wa, obìnrin Onítẹ̀bọmi kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ló kọ́ mi pé a kì í bi aboyún ní irú ìbéèrè wọ̀nyí lójú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe ìyá, pàápàá jù lọ ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdébìnrin bíi tèmi yóò ṣe ní kí àgbàlagbà dìde kí ó jáde? Kò sí bí a ṣe lè rán an níṣẹ́ pẹ̀lú. Màtírọ́nì ti wá ọgbọ́n sí i. Àga tìmùtìmù kan wà nínú yàrá ìdúró, abẹ́ fáànù gan-an ló wà. Màtírọ́nì yóò ní ooru inú yàrá yìí ti pọ̀ jù fún Màmá, yóò gbé báàgì wọn lọ́wọ́, yóò sì ṣáájú wọn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Mo rí i tó fi àga yẹn yọ ìyá Aládùúrà kan tó ti sọ pé òun kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun. Kí a tó kọ káàdì tán, ìyá náà ti ń hanrun, ọmọ rẹ̀ sì ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí a mọ̀.

Tóyìn wà lára aboyún mẹ́rìnlá ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi àga tàn. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wa ọkọ̀ gbé ìyàwó ọmọ wọn wá láti Akobo. Kí n tó kọ orúkọ tán, wọ́n ti tọ́ka sí àmì ohùn tí mo gbàgbé.

“Nọ́ọ̀sì, o ti sọ ọmọ mi di ọmọ ẹlòmíràn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kọ. Tóyìn náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì ń ṣètọ́jú ìyá náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n lóyún. Ó wù mí kí àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi. Bóyá ìyẹn gan-an ló dí mi lọ́wọ́ láti mú Màmá jáde, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná rárá. Mo bi Tóyìn lójú Màmá bóyá oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, àkọ́kọ́ ni.”

Ṣé ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn? Ṣé ó gbójú sílẹ̀? Lọ́dọọdún ni àwòrán tó wà lọ́kàn mi ń yí padà, n kò sì gbà á gbọ́ mọ́. Ohun tí káàdì sọ nìkan ló dá mi lójú. Ìfúnpá rẹ̀ ga díẹ̀. Màmá ní àtẹ̀gùn tí àwọn gùn ló fà á. Mo ní kí ó sinmi, mo tún un wọ̀n, ó wálẹ̀, èyí tó wálẹ̀ ni mo sì kọ. Mo fi káàdì rẹ̀ sáàárín ti àwọn tó ń wá ní oṣooṣù.

Oyún náà kò tíì pé oṣù méje nígbà tí Màmá gbé Tóyìn dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ó ní nǹkan ń kọ mànà lójú òun. Ìfúnpá rẹ̀ ti kọjá èyí tí èèyàn ń ní kí ó sinmi fún. Màmá ṣì ń wá ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ sí nígbà tí Tóyìn di ọwọ́ mi mú.

“Sístà, ó ti ṣe mí báyìí rí.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí mo ń gbé ní Agbowó, kí n tó jáde yunifásítì. Gìrì mú mi nínú oṣù kẹjọ. Ọmọ yẹn ò yè. Ọkọ mi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà mo lè búra lé e. Gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà fún aboyún, ẹni tó bá ti ṣe rí ni a máa ń ṣọ́ jù lọ, nítorí ó lè padà wá. Bírò pupa wà nínú àpò aṣọ mi ní gbogbo àkókò tí mo fi ń kọ káàdì rẹ̀.

A fún un lábẹ́rẹ́, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Tóyìn yè. Ọmọ náà, obìnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ìgò omi lítà kan lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó kú. “Ọmọ Tóyìn” ni wọ́n kọ sára àpótí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wò ó. Tàbí ẹ̀ẹ̀kan ni, tí mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Màtírọ́nì kò pariwo. Ó wo káàdì náà títí, ó wá bi mí ìdí tí n kò fi mú Màmá jáde. Mo ní kò sí iná, mà.

“Bùnmi, ṣé iná ló ń bi aboyún léèrè ọ̀rọ̀ ni?”

Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé a lè mọ gbogbo rẹ̀, kí a ṣe gbogbo rẹ̀, kí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni. N kò rí ìtura níbẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti pa ọgbọ́n àga tì. Mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, kí n sì sọ ọ́ ní tààrà pé èmi àti aboyún nìkan ni yóò wà nínú yàrá báyìí. Ìyàwó àlùfáà kan sọ fún mi pé wọn kò kọ́ mi nílé. Mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mo di ẹnu ọ̀nà mú títí wọ́n fi jáde.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Tóyìn tún lóyún, ọ̀dọ̀ wa ló sì padà sí. N kò béèrè ìdí. Màmá tẹ̀ lé e wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró níta. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde. Tóyìn sọ ohun gbogbo fún mi, mo fi bírò pupa kọ ọ́. Nígbà tó lọ fún wa ní ìtọ̀, Màmá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Ohun tí o ní kí n jáde nítorí rẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n kí Tóyìn tó wọ ilé mi.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ fún wa nígbà tí a ń kọ káàdì àkọ́kọ́.

“Mo fẹ́ kó máa rò pé mi ò mọ̀ ni. Kí ojú má baà tì í nílé mi.” Wọ́n jókòó. “Mo rò pé ó ti sọ fún yín ní kọ̀rọ̀.”

N kò kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, bóyá èmi ni mo hun ún kí ẹ̀bi náà lè di ti ẹni mẹ́ta. Tóyìn bí ọmọkùnrin, oṣù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó sì ké dáadáa. Níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni mo ti bá ìyá tó bí Tóyìn jókòó, mo sì fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá Màmá ti mọ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni: ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí àwọn wọ ọkọ̀ lọ sí Akobo, tí àwọn sì fẹnu ara wọn sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ, gìrì náà, oṣù kẹjọ, àti ọmọ tó kú.