Àwọn Tó Rẹ Okùn Gìtá Bàbá Sílẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún mi pé kíbọ́ọ̀dù lè ṣe gbogbo ohun tí gìtá ń ṣe, mo ti mọ̀ pé ariwo ni ẹni náà ń gbọ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ orin rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́ ní Ìlaròó, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tó kàwé débi pé kì í kí ènìyàn mọ́, ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin àti gìtá yín! Ayé ti kọjá ibẹ̀.” Mo bi í pé ibo ni ayé wá kọjá sí. Àwọn tó ń kéde pé ayé ti kọjá nǹkan kì í sábà mọ ibi tí ayé ń lọ.

Irú gìtá tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí a kì í fi ìka tẹ okùn rẹ̀ mọ́ igi. A máa ń fi irin tàbí ọrùn ìgò yọ̀ lórí okùn náà láti ohùn kan dé èkejì, láìfò. Sìláìdì ni àwọn ọ̀dọ́ olórin ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ jùjú inú kásẹ́ẹ̀tì àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n: ohùn gígùn kan tó máa ń ti ẹ̀yìn ìlù yọ, tó ń gòkè, tó ń sọ̀, tó ń gbọ̀n díẹ̀ kó tó dúró. Bí a bá fi kíbọ́ọ̀dù kọ orin Yorùbá, ńṣe ló ń ti ìsàlẹ̀ fò bọ́ sókè bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Irin orí okùn a máa fi ẹsẹ̀ rìn ín, a sì máa gbọ́ gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Mo ní àwọn tó ń ta irú gìtá yìí tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi, èyí tí páálí rẹ̀ ti sọnù kí n tó mọ̀wé kà. Olórin tí ọkùnrin náà ń ta gìtá fún dárúkọ gbogbo olówó ìlú, ó kí ìyàwó wọn, ó kí mọ́tò wọn, kò sì dárúkọ ọkùnrin tó gbé orin náà dúró. Títí di òní ni inú ń bí mi sí olórin yẹn. Obìnrin kan tún wà tí mo gbọ́ lórí rédíò òdìkejì ibodè, tó ń fi okùn méjì péré ta orin ìsìn, tí mi ò sì fẹ́ kó fi ẹ̀kẹta kún un. Mo tún máa ń wo bàbá aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà lórí fóònù, tó ń di ojú bó bá ti ń ta á bí ẹni tí oyin ta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí iwájú mi, àgbẹ̀ kan ní Ijoun ni mo máa tọ̀ lọ.

Bàbá ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò bá ara wa tan. Ayétòrò ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù ló ti tẹ̀lé àwọn olórin kan lọ, ó ta gìtá ní Pobè, ó ta á ní Kútọnu, kó tó padà wá dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí Ijoun. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà fi ń tú nọ́ọ̀tì ló fi ń yọ̀ lórí okùn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sì fi ojú rere kọ́ mi rí.

“Tíṣà, kí lò ń sá fún? Ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń lé ọ ni?”

“Mo rò pé mo ti dé ibẹ̀ ni, Bàbá.”

“O dé ibẹ̀, o kọjá ibẹ̀, o ti ń wọ Kétu lọ báyìí. Padà. Jẹ́jẹ́. Dúsìmá, bí àwọn ará Kútọnu ṣe ń wí.”

Okùn gìtá Bàbá ga sí igi tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ènìyàn fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ eegun màlúù tó gbé e ga. Kì í ṣe àṣìṣe, òfin irú gìtá yìí ni. Ọrùn gìtá ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀. Bí okùn bá rẹlẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa gbá irin wọ̀nyí, á máa pariwo. Bákan náà ló ṣe tún okùn rẹ̀ fà lọ́nà tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí o bá gbá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà láìtẹ ìkankan, wọ́n á fi ohùn ṣọ̀kan.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń wá ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ayétòrò, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ọjọ́ tí Bàbá bá àwọn olórin lọ ni Màmá yìí ti búra pé etí òun kò ní gbọ́ gìtá náà láéláé, nítorí orin ilé ọtí ni. Ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Bàbá fẹ́ kó gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé kì í ṣe ìranù lòun torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.

Èmi ni mo wá ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn Màmá ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọ tó fi ń yangàn. Mo lọ bá a, mo ní kó jẹ́ kí Bàbá ta gìtá níbi Ìkórè, nígbà tí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ àwọn àgbà síwájú pẹpẹ. Ó gbà wẹ́rẹ́. Màmá náà ní bó bá jẹ́ inú ilé Ọlọ́run ni, ìbúra òun kò dé ibẹ̀. Odidi oṣù kan ni Bàbá fi ń ta orin ìyìn kan ṣoṣo, èyí tí Màmá máa ń kọ bó bá ń fọṣọ nígbà tí Bàbá wà ní kékeré.

Ọ̀kadà ni Bàbá máa gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀nà náà kò sì dára fún gìtá. Nítorí náà ni mo ṣe fi mọ́tò mi gbé e lọ ní ọjọ́ Ẹtì, tí mo fi í sọ́wọ́ olórí akọrin. Ibi tí èmi ti jẹ̀bi nìyí, mi ò sì ní gbé e fún ẹlòmíràn rù: mi ò sọ nǹkan kan fún un nípa okùn náà. Mo gbà pé ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olórin á mọ̀, tàbí, bí kò bá mọ̀, á béèrè.

Ní ìjọ náà, ohun tó ní àbùkù kì í wọlé ní ọjọ́ Ìkórè. Wọ́n á fi kànìnkànìn fọ iṣu, wọ́n á wẹ ewúrẹ́, wọ́n á kan àga tó bá yẹ̀. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, olórí akọrin wo gìtá Bàbá, ó rí i pé okùn rẹ̀ ga, ó gbá a, ó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kò bá ti gìtá yòókù mu, ó sì pinnu pé ó ti bàjẹ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún gìtá ṣe ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ìyẹn fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá rẹ́ eegun màlúù náà títí okùn fi sùn ti igi. Wọ́n já okùn tó nípọn, wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun sí i, wọ́n sì fà á bíi ti gìtá yòókù. Wọ́n tilẹ̀ fi òróró nù ún, kó máa dán.

Wọn kò gbé e fún Bàbá títí wọ́n fi pe ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Iwájú pẹpẹ ni olórí akọrin ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ fún un, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń fúnni ní ẹ̀bùn. Bàbá gbé e lé itan. Ó fọwọ́ kan okùn, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbìyànjú láti tún un fà, alága ètò ti ń pariwo pé, “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Bàbá wa!” Ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jáde dà bíi síbí tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà tẹ̀lé wọn. Olórí akọrin ṣẹ́wọ́ sí oníkíbọ́ọ̀dù pé kó gba Bàbá sílẹ̀, kíbọ́ọ̀dù sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ohun tí o torí rẹ̀ fi mí sílẹ̀ nìyí?”

“Ẹ kú ìkórè, Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Bàbá dáhùn.

Mo mú olórí akọrin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé ta ló fọwọ́ kan gìtá náà.

“Ẹ̀gbọ́n, a bá Bàbá tún un ṣe ni o. Okùn yẹn ga bí àjà! Ẹ ò tilẹ̀ dúpẹ́.”

“O kò lè béèrè?”

“Kí n béèrè kí ni? Ojú mi ni mo fi rí i pé ó ti bàjẹ́.”

“Lọ sọ fún ìyá rẹ pé ìwọ lo bà á jẹ́.”

“Háà, Ẹ̀gbọ́n! Lọ́jọ́ Ìkórè? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.”

Ọlọ́run kọ́ ló rẹ́ eegun náà. Irú àwọn ènìyàn yìí pọ̀ láàárín wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì: ohun tí wọn kò mọ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe títí á fi bàjẹ́ ní tòótọ́, bí ó bá sì bàjẹ́ tán, wọ́n á ní olóhun ti darúgbó.

Ní Ijoun, Bàbá ti ń gbẹ́ eegun mìíràn nígbà tí mo dé. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún Màmá. Kò gbé ojú sókè.

“O kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìgbà tí mo lọ, ọmọ yẹn ló fi rọ́pò mi. Ṣé kí n tún gba òun náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

Nígbà tí okùn ti ga bó ṣe yẹ, èmi ni mo wa mọ́tò gbé òun àti gìtá rẹ̀ lọ sí Ayétòrò lọ́sàn-án. Màmá ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá kò tọrọ àyè. Ó kí i, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé gìtá lé itan, ó sì ta orin ìfọṣọ náà. Mi ò gbọ́ kí ó ta á dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Irin náà gba orí gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà kọjá, kò fo ọ̀kan, kò sáré ọ̀kan. Màmá kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Tún un ta,” ló wí. Bàbá tún un ta. Lẹ́yìn náà Màmá wò ó. “Kí ló wá dé tí o kò ta á báyìí lójú ìjọ?”

Mo la ẹnu. Bàbá ti fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́.

“Ọwọ́ mi ló gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n mi. Àgbà ti dé.”

“Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọtí á ba ọwọ́ yẹn jẹ́.”

Bàbá, tí kò mu ọtí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ó ní kí n má sọ ọ́ fún Màmá, mi ò sì sọ ọ́. Kò sọ pé kí n má kọ ọ́. Olórí akọrin ṣì ń darí orin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣì ń sọ káàkiri pé Bàbá gbìyànjú, àgbà ló dé sí i. Irọ́ ni. Fáìlì wọn ló rẹ́ eegun náà, èmi ni mo sì gbé gìtá náà fún wọn láìla ẹnu mi. Ọwọ́ Bàbá kò gbọ̀n. Màmá ṣì ń ka Bíbélì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó kà á.