Àjẹ̀ Bàbá Mi àti Apá Ìyá Mi

Ìgbà tí mo ṣì kéré, etí ọ̀sà ní Bàrígà là ń gbé, nínú ilé pákó tí omi máa ń wọ̀ nígbà òjò. Apẹja ni bàbá mi, ará etíkun Oǹdó. Òun náà ló ń ka òfin mẹ́wàá fún ìjọ wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo bẹ̀rù òfin yẹn ju ejò lọ. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá rí ẹ̀ṣẹ̀ tó dákẹ́ ti bá wọn dá a. Mo gbà á gbọ́ débi pé tí mo bá rí ọmọ tó mú ẹja nínú ìkòkò, n kì í sinmi títí n ó fi lọ sọ.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ká àwọ̀n tuntun aládùúgbò wa sínú àpò. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bá wa ru ẹja lọ sí Fádèyí. Ká ní mo rọra pè é ni, bóyá ì bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lanu: "Olè!"

Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti bò ó. Ìgò, bàtà, igi. Ẹnìkan fi òkúta gbá a lẹ́nu, mo sì rí eyín rẹ̀ méjì tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn kan ti ń yí táyà bọ̀ láti ojú títì, inú wọn ń dùn bí ẹni tó ń lọ síbi àsè. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, àmọ́ ohùn tí mo fi ké olè kò jáde mọ́.

Bàbá mi dé pẹ̀lú àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀. Mo rò pé ó wá gbà á sílẹ̀ ni. Ó ní òfin ni òfin, ó là á mọ́ ọn léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó tún gbé e sókè.

Ìgbà náà ni ìyá mi já wọ àárín èrò, tó sì dùbúlẹ̀ lé ọkùnrin náà. Àjẹ̀ ti ń bọ̀. Apá ìyá mi ló bà, apá náà sì kán.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé táyà ní, "Màmá, ẹ dìde jàre. Àbí àlè yín ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò wò ó. Bàbá mi ló ń wò.

"Bàbá ọmọ mi, ó jalè lóòótọ́," ló wí. "Ṣé ẹni tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni?"

Bàbá mi ju àjẹ̀ sínú ọ̀sà. Ó dúró níwájú àwọn méjèèjì, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dáná kọ́kọ́ da epo sí òun lára. Wọ́n bú u, wọ́n tutọ́ sí i, wọ́n fọ́ ìgò mọ́ ọn lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Kò kúrò. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tú ká.

Lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀, ó ka òfin. Nínú ìjọ wa, lẹ́yìn òfin kọ̀ọ̀kan, ìjọ ló máa ń tọrọ àánú. Ẹni tó ń kà kì í dá sí i. Nígbà tó dé èyí tó ní a kò gbọdọ̀ pànìyàn, kò dúró dè wá. "Olúwa, ṣàánú fún mi," ló wí.

Ọkùnrin yẹn yè. Kò padà wá dúpẹ́, ìyá mi kò sì retí rẹ̀.

Ayé ti yí padà báyìí. Tí wọ́n bá mú olè, fóònù làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń yọ. Èmi náà ti kàwé jáde. Mo lè ṣàlàyé òfin àti oore-ọ̀fẹ́ fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ẹnìkan ládùúgbò tí mò ń gbé ní Ṣómólú. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ láti sọ. Nígbà tí mo fi máa rí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti ń gbá eérú táyà nílẹ̀ ibẹ̀.