Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Onílé Mi Tó Ń Lọ Wo Erin

Ní àwọn ọdún 1980, yàrá abẹ́ ilé kan ní Chatham, ní ìlú Chicago, ni mo ń gbé. Aláwọ̀ dúdú ni onílé mi, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pínpín. Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ní àwọn ń lọ safari ní Kẹ́ńyà, ẹ̀gàn ni mo fi ń wò wọ́n.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń pè ní safari? Kí àgbàlagbà wọ bàlúù, kó lọ jókòó sínú jíìpù, kó máa wo erin tó ń jẹ ewé! Bàbá bàbá mi lé erin lóko rẹ̀ títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó gbowó ìwòran lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé mi lọ ra aṣọ káákì ní Tinley Park, ó sì wọ̀ ọ́ wá fi hàn mí, tòun ti fìlà tó lókùn lábẹ́ àgbọ̀n. Ó jọ mẹ́gáàdì. Mo ní ó bá a mu gan-an.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o, landlord mi fẹ́ fi owó retirement ẹ̀ lọ wo erin!"

"Are you serious? Ṣé kò sí zoo ní Chicago ni?"

A rẹ́rìn-ín títí break fi parí.

Tí mo bá ti dé láti shift, onílé mi á sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí ní ohun tó yẹ kó mú dání. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí n kò mọ ọ̀nà Kẹ́ńyà! Kò bi mí rí nípa ilé tèmi. Lójú tirẹ̀, agboolé kan ni gbogbo Áfíríkà. Ìyẹn dùn mí, ni mo bá ń dá a lóhùn bó ṣe wá sí mi lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ tó bá wọn ṣètò ìrìn àjò fún un ní ìwé pé òtútù máa ń mú níbẹ̀ láàárọ̀, kó mú súẹ́tà. Mo ní, "Súẹ́tà kẹ̀? Nínú oòrùn wa?" Ó yọ súẹ́tà kúrò nínú àpótí.

Ó wá kan oògùn ibà. Dókítà ní kí wọ́n máa lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Mo kórìíra oògùn yẹn, torí ó máa ń yún mí lára bíi pé èèrà wọ̀ mí láṣọ.

"Sir, àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún," ni mo wí. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni tiwa. Ibà ò lè rí yín gbé ṣe."

Inú rẹ̀ dùn bíi pé mo fi í joyè. Ìyàwó rẹ̀ ò bi mí ní nǹkan kan, ó gbé tirẹ̀ mì.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, ara onílé mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n pè é ní flu. Kí ọsibítù tó rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà ló ṣàlàyé fún mi pé ara èmi ti bá ibà jà láti kékeré, tirẹ̀ kò pàdé rẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe gbàdúrà fún bàbá mi lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin ó lajú, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Kò pariwo. Ó gbé ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ fún mi. N kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí onílé mi bá kúrò lọ́dọ̀ mi ló ń kọ ọ̀rọ̀ mi sínú rẹ̀. Lókè ìwé náà ó kọ ọ́ pé: Ohun tí ará ilé wa sọ fún mi. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan pé kéèyàn tètè kí erin kó tó ya fọ́tò rẹ̀.

"Àbúrò ọkọ mi náà ń lọ sí Kẹ́ńyà lóṣù tó ń bọ̀," ó ní. "Ọkọ mi ní kí n fún un ní ìwé yìí. Gba bíró, kí o fàmì sí èyí tó bá jẹ́ òótọ́."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo dá bíró rẹ̀ padà fún un láì fàmì sí ìkankan.