Fàráǹdà Tí Wọ́n Ti Kọ́ Wa Ní Ìfura

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí kíṣìnì mi ní Àkúrẹ́, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mo gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi láti pálọ̀. Ó ń ka nǹkan sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, láìdánu dúró, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá mí, ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ sọnù. Ó ní àbúrò bàbá òun tó ń gbé ní Àbùjá fi ọkọ̀ búlúù gbé òun lọ wo ọgbà ẹranko, kìnnìún bú, òun sì sá sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Bàbá ọmọ yìí nìkan ni mo bí. Kò ní àbúrò kankan ní Àbùjá, àfi bí ọkọ mi tó ti sùn nínú Olúwa bá fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Mo pè é, mo bi í. Ó ní, "Màmá Àgbà, tíṣà lẹ́sìnnì ló fún wa. Gbogbo wa la máa há a sórí. Bí ìdánwò bá béèrè ìsinmi, òun la máa kọ. Bó bá béèrè ọjọ́ tí a ò lè gbàgbé, òun náà la máa kọ." Mo fura sí tíṣà náà lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣì ń fura sí i bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Odindi kíláàsì kan, kí gbogbo wọn ní àbúrò bàbá kan náà! Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ má rò pé ogbó ló sọ mí di onífura. Wọ́n kọ́ mi ni, ní ìlú Oǹdó, lórí fàráǹdà kan, lọ́dún tí a ń múra fún ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ilé Mìsísì Akíndélé ni fàráǹdà náà wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn ló fi so apá kan gíláàsì ojú rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì máa ń sá kòkó síwájú ilé, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ á sì máa wọ inú ìwé wa. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó tí wọ́n ń sá, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan fẹ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn òbí wa ló bẹ Mìsísì pé kó bá àwọn kọ́ wa ní àròkọ, torí pé ìṣirò kò bà wá lẹ́rù tó àròkọ.

Mìsísì kì í fún ẹnikẹ́ni ní àròkọ há sórí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Lọ wò ó." Á rán ọ̀kan lọ wo ẹni tó ń lẹ táyà, á rán òmíràn lọ wo bí wọ́n ṣe ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Bí o bá dé, wàá kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tí o rí, ní èdè ilé, kí o tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Mìsísì á di ojú, á máa gbọ́, àwa yòókù á sì máa ṣọ́ ẹ lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan kò bá wọ̀ létí á gbá bẹ́ǹṣì, á kígbe pé, "Mo fura!" O gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Kí lo gbọ́? Òórùn wo ló wà níbẹ̀? Kí ni ẹni náà mú lọ́wọ́? Ọmọkùnrin kan sọ fún wa nígbà kan pé ṣe ni ẹni tó ń lẹ táyà ń rẹ́rìn-ín ṣáá. "Mo fura! Eyín iwájú rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ó funfun báláú. Gbogbo Oǹdó ló mọ̀ pé ọkùnrin náà kò léyín iwájú. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà lọ gbá.

Kò pẹ́ tí ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí wa. Ẹ wo bí yóò ti rí lójú yín, kí ọmọ kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, kò rà, kò tà, ó kàn ń wò yín. Àwọn kan ní àwọn agbowó orí ló ń lo Mìsísì. Ìyá oníbúrẹ́dì wá fúnra rẹ̀, ó ti so gèlè mọ́ ìbàdí, ó ní, "Mìsísì, láti àárọ̀ ni ọmọ yìí ti ń wo inú ààrò mi. Ta ló rán yín sí mi?"

Mìsísì ní, "Ìdánwò ni, ìyá."

"Ìdánwò ta ni?"

Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé páànù dí ẹnu ààrò rẹ̀ bó bá ti rí ọmọ iléèwé.

Ẹni kan ṣoṣo tí a kì í rí mú lórí fàráǹdà náà ni Mojí, ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé ló sì máa ń wálé, kì í tilẹ̀ í ṣe gbogbo Sátidé. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé bí Mojí bá lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, òun á máa rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwa yòókù ń lépa yúnífọ́ọ̀mù, bàbá rẹ̀ ni Mojí ń lépa.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Mìsísì fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ sí Àkúrẹ́, kí a lè rí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti máa ṣe é, kí ẹ̀rù má baà bà wá lọ́jọ́ náà. Ó tò wá sí ẹ̀bá ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí kálukú mú ohun kan wò ní títì. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó sì kan Mojí. Ojú fèrèsé ló kọ ojú sí. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó jáde nínú ilé òdìkejì, tó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sí èjìká. Ọmọ náà di etí rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà ń súfèé, ó ń díbọ́n pé òun fẹ́ ṣubú, ọmọ náà sì ń kígbe pé, "Bàbá mi, ẹ tún un ṣe!" Obìnrin kan wá pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà pé oúnjẹ ti délẹ̀.

"Mo fura! Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní èjìká."

"Mo fura! Ṣé o rí èjìká láti ọ̀nà jíjìn yẹn?"

Mojí ní, "Òwú pupa ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Òwú aláwọ̀ ewé ti tán."

Bọ́ọ̀sì dàrú. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀ pé òwú tán, ṣé òun ló rán an ni? Èmi kò pariwo. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá Mojí lọ́jọ́ tó ń lẹ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, tó ń rojọ́ pé òwú tán. Mo wo Mìsísì. Ó ti lajú.

Ó ní, "Irọ́ ni. Mojí parọ́. Ó tó."

Kò dá ẹjọ́ báyẹn rí láìbéèrè. Inú àwọn ọmọkùnrin dùn pé ọwọ́ tẹ Mojí lónìí, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Inú bí mi sí Mìsísì gidigidi. Ìgbà tí èmi náà di abiyamọ ni mo tó mọ̀ pé ìtìjú ìyá Mojí ló ń bò, kí gbogbo ẹnu tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà má baà gbé e wọ Oǹdó.

Bàbá Mojí wálé ní Sátidé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn. Mo ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé wa bí ọlọ́pàá. Ó rí mi, ó pè mí, ó fún mi ní bisikíìtì. Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo fura sí i títí tó fi tán. Mojí kúnlẹ̀ kí i, ó bá a gbé báàgì rẹ̀ wọlé, lálẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé òun kò ṣe ìdánwò mọ́. Mo sáré lọ sọ fún Mìsísì. Ó wá, ó pe Mojí sẹ́yìn ilé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tó bá a sọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, Mojí wà nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ tí inú mi dùn jù lọ láyé ni wọ́n ní ká kọ. Nígbà tí a parí, a jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà, kálukú ń sọ ohun tó kọ fún Mìsísì. Mojí ní bàbá òun gbé òun sí èjìká ní Àkúrẹ́, òun di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń súfèé, ó ń díbọ́n pé òun fẹ́ ṣubú, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ìyá òun fi òwú pupa lẹ̀ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yé àwọn ọmọkùnrin náà wàyí, mo rí i lójú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun fura.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Mìsísì bi í. "Nígbà tó gbé ọ sókè, kí lo rí láti orí èjìká rẹ̀?"

Mojí dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́bàá ọgbà. Ó ń wò wá."

"Ṣé o kọ ìyẹn náà?"

"Mo kọ ọ́, mà."

Mìsísì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó nù ún títí.

Orúkọ Mojí wà lókè nígbà tí èsì dé, ṣùgbọ́n kò lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní òun ò lè fi ìyá òun nìkan sílẹ̀ ní Oǹdó. Ìyá rẹ̀ bínú, ó sunkún, ó béèrè ìdí, Mojí kò sọ. Èmi nìkan ni mo lọ, báyìí la ṣe pàdánù ara wa, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ di òní.

Ilé ìtajà fóònù ló wà níbi tí fàráǹdà náà wà nísinsìnyí, ìdánwò púpọ̀ sì ti di kí ọmọ máa tẹ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ṣì ń rí wa, wọ́n ń rí ju ohun tí wọ́n ń kọ lọ. Mo ti di ará Àkúrẹ́ pátápátá. Ìgbàkígbà tí mo bá rí bàbá tó gbé ọmọ sí èjìká ní títì, inú mi á kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kejì lẹ́bàá ọ̀nà.